Ìdí Tí Àwọn Tó Ń Tọ́ Daylily Fi Ń Ka Ẹ̀ka Kí Wọ́n Tó Yin Òdòdó

Tí oṣù kẹfà bá ti wọlé ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ń wakọ̀ kọjá ilé epo, báǹkì tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà ńlá ní Maryland tàbí ní Chicago kò ní ṣàì rí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kan tó kúrú, tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì dorí kodò. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀. ‘Stella de Oro’ ni, oríṣi daylily kan. Walter Jablonski, ará ìpínlẹ̀ Indiana, ló mú un jáde, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1975. Lọ́dún 1985, òdòdó náà gba Stout Silver Medal, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ daylily ní Amẹ́ríkà.

Ká sòótọ́, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fani mọ́ra. Òdòdó rẹ̀ kò fẹ̀ tó íńṣì 3, àwọ̀ rẹ̀ kò ní àrà kankan, ọ̀pá tó gbé e dúró kò sì ga ju nǹkan bí íńṣì 11 lọ. Àwọn tó lẹ́wà jù ú lọ kò lóǹkà. Ohun tó gbé e dé iwájú ilé epo ni pé bí ọ̀pá kan bá ti ń parí iṣẹ́ rẹ̀, òmíràn ti ń yọ nísàlẹ̀.

Daylily kì í ṣe lílì gidi, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Hemerocallis ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é, apá ìlà-oòrùn Éṣíà, pàápàá Ṣáínà, Japan àti Korea, ni orírun rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Ọ̀pọ̀ ń là láàárọ̀, wọ́n á sì ti rọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Àwọn mìíràn ń là nírọ̀lẹ́, àwọn náà kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ra òdòdó daylily, ọ̀pá ló rà. Ọ̀pá ni yóò sọ iye ọjọ́ tí ojú rẹ̀ yóò fi rí nǹkan wò.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ọ̀pá kan bá ní ìrudi 12, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń là lọ́jọ́ tirẹ̀, ọjọ́ 12 ni gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ 24, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí méjì méjì bá ń là lójúmọ́, ẹ pín in sí méjì. Bí ìdì kan bá sì ní ọ̀pá mẹ́rin tí wọn kò yọ lọ́jọ́ kan náà, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ lo oṣù kan gbáko tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀. Orí ẹ̀ka ni ìrudi ń jókòó sí. Ọ̀pá tí kò bá lẹ́ka kò ní ibi tí yóò kó wọn sí, àfi kó kó gbogbo wọn jọ sójú kan.

Ní orí ọ̀pá gan-an, daylily sábà máa ń là sí méjì, ó rí gẹ́lẹ́ bí igi kànnàkànnà, apá kọ̀ọ̀kan a sì gbé ìrudi tirẹ̀. Nísàlẹ̀ oríta yìí ni àwọn ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ ti ń yọ, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, pẹ̀lú ewé kékeré kan ní ìdí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni iyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń ka oríta òkè mọ́ ẹ̀ka, àwọn mìíràn kì í kà á. Ọ̀pá kan náà lè jẹ́ ẹlẹ́ka mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan, kó di ẹlẹ́ka mẹ́rin lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, láìsí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ẹni tí kò fẹ́ àríyànjiyàn á kọ ọ́ báyìí: “ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, pẹ̀lú oríta.”

Iye ẹ̀ka ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi yangàn, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín ẹ̀ka kan àti èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀ka márùn-ún tó há mọ́ra wọn ní íńṣì mẹ́rin tó wà lókè pátápátá jẹ́ ìyọnu. Òdòdó ìgbàlódé lè fẹ̀ tó íńṣì 6 tàbí 7. Bí méjì bá là lọ́jọ́ kan náà níbi tóóró bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa ti ara wọn, ọ̀kan á dojú bolẹ̀, èkejì kò ní là tán. Èyí tó burú jù ni òdòdó àná. Tó bá ti rọ, omi ara rẹ̀ a máa lẹ̀, á wá lẹ̀ mọ́ èyí tó fẹ́ là láàárọ̀, á sì fa etí rẹ̀ ya. Olùtọ́jú tí daylily rẹ̀ rí báyìí ní láti jáde láràárọ̀ láti ṣa òkú òdòdó kúrò kí àlejò tó dé. Ọ̀pá ẹlẹ́ka mẹ́ta tí ààyè wà láàárín wọn sàn ju irú èyí lọ fíìfíì, kódà bí ìrudi rẹ̀ bá dín sí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ.

Àṣejù wà nísàlẹ̀ náà. Ẹ̀ka tó bá yọ láàárín ewé á sin òdòdó rẹ̀ síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rí i. Èyí tó gùn jù, tó sì nà jìnnà sí ọ̀pá, ń fẹ́ ọ̀pá tó nípọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò ńlá kan péré, gbogbo rẹ̀ á dùbúlẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ti wà láti inú igbó kí ẹnikẹ́ni tó mú daylily wọ ọgbà. Hemerocallis middendorffii fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ẹ̀ka rárá: orí ọ̀pá ni òdòdó rẹ̀ ń ṣùjọ sí. Hemerocallis dumortieri náà kì í yẹ̀ka. Ṣùgbọ́n Hemerocallis altissima, tí wọ́n rí lágbègbè Nanjing ní Ṣáínà, máa ń ga ju ènìyàn kúkúrú lọ, ó sì ń yẹ̀ka dáadáa lókè. Arlow Burdette Stout, onímọ̀ nípa ewéko tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní New York Botanical Garden, ló kó irú àwọn wọ̀nyí jọ. Albert Steward, olùkọ́ kan ní Nanjing, ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí i. Stout tẹ ìwé rẹ̀, Daylilies, jáde lọ́dún 1934, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ àmì ẹ̀yẹ tí ‘Stella de Oro’ gbà. Inú ẹ̀jẹ̀ altissima ló ti mú ‘Autumn Minaret’ jáde, ọ̀pá tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, tí àwọn olólùfẹ́ òdòdó gíga ṣì ń wá títí dòní.

Lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Datong, ní ìpínlẹ̀ Shanxi ní Ṣáínà, ọ̀rọ̀ ẹ̀ka kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Hemerocallis citrina ni wọ́n ń gbìn, ìrudi rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ. Wọ́n ń já a kó tó là, wọ́n á sè é lóoru, wọ́n á sá a, á sì wọ inú ọbẹ̀. Ìrudi tó bá ti là, owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹ̀ka tó pọ̀ sí i níbẹ̀, owó tó pọ̀ sí i ni.

Bíbí daylily tuntun kò nílò yàrá ìwádìí. Tí òdòdó bá ti là láàárọ̀, ènìyàn á já ọ̀kan nínú àwọn fọ́nrán akọ mẹ́fà tó wà láàárín rẹ̀, á fi lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ kan orí fọ́nrán abo tó yọ gùn jù nínú òdòdó mìíràn. Bó bá mú, èso kékeré á yọ níbi tí òdòdó ti rọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, èso náà á gbẹ, á là, hóró dúdú tó ń dán á sì hàn. Níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, wọ́n máa ń fi hóró náà sínú fìríìjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè hù dáadáa. Ọmọ inú èso kan náà kì í jọ ara wọn: hóró mẹ́wàá lè di òdòdó mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi ń di bárakú fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, títí ẹ̀yìnkùlé wọn kò fi ní ní ibi tí wọ́n lè gbin tòmátì sí mọ́.

Ní Florida, irúgbìn lè tanná kó tó pé ọdún kan. Ní Minnesota, ó di ọdún kejì tàbí ìkẹta. Òwúrọ̀ tí òdòdó àkọ́kọ́ bá là ni ewu wà. Àwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí yọjú, olùtọ́jú ti fún un lórúkọ nínú ọkàn rẹ̀, kò sì tíì wo ọ̀pá. Bẹ́ẹ̀ ni ìdí ewé kan tàbí méjì péré ni irúgbìn náà ní lásìkò yẹn, ọ̀pá rẹ̀ lè kúrú, kó gbé ìrudi márùn-ún tàbí mẹ́jọ, kó má sì ní ju oríta òkè lọ. Èyí kò fi hàn pé kò wúlò, kò sì fi hàn pé ó wúlò. Tí gbòǹgbò bá fìdí múlẹ̀, ẹ̀ka lè fi ọ̀kan tàbí méjì lé sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Irúgbìn tó bá ti ní ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ méjì lọ́dún tó kọ́kọ́ tanná ló yẹ kí ènìyàn fi igi gún sí ìdí rẹ̀ fún àmì. Àwọn tí àwọ̀ wọn kò dára, tí ọ̀pá wọn kò sì dára, ààtàn ni ibùgbé wọn. Àárín méjì ni wàhálà: olójú ẹwà tí kò lẹ́ka. Ìyẹn yẹ fún ọdún méjì sí i lórí ilẹ̀, kò sì yẹ kó gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kíkà náà lọ́gbọ́n nínú. Ẹni tó bá kà á lọ́jọ́ tí òdòdó àkọ́kọ́ là kò ní rí àwọn ìrudi wẹ́wẹ́ tó ṣì fara pamọ́ lẹ́nu ẹ̀ka. Àwọn daylily kan wà tó ń ṣe ìrudi tuntun lẹ́nu ẹ̀ka wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá dúró di ìparí, òdòdó ti já bọ́ lójú tirẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni àpá. Òdòdó kọ̀ọ̀kan tó bá já máa ń fi àpá sílẹ̀ lára ẹ̀ka, nítorí náà, àpá, èso àti ìrudi tó kù ni wọ́n ń ṣírò pọ̀. Gbogbo ọ̀pá tó wà lára ìdì ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kà. Ẹni tó bá rí ìrudi 31 lára ọ̀pá kan, tó rí 18, 16 àti 19 lára àwọn mẹ́ta yòókù, 21 ló ní. Tó bá kọ 31 sílẹ̀, ara rẹ̀ ló ń tàn, yóò sì tan ẹni tó bá rà á.

Ojú ọjọ́ náà máa ń da nǹkan rú. Bí òtútù líle bá padà dé nígbà tí ọ̀pá ń yọ, ó lè gé orí rẹ̀ kúrú tàbí kó pa ìrudi. Ọ̀dá ń dín ẹ̀ka kù, òjìji igi náà ń dín in kù, nítorí daylily ń fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà ó kéré tán lójúmọ́. Ìdì tí wọn kò tú, tí wọn kò sì pín fún ọ̀pọ̀ ọdún á há mọ́ra, ọ̀pá rẹ̀ á sì máa tín-ín-rín. Báwo ni olùtọ́jú yóò ṣe mọ̀ bóyá irúgbìn ló kùnà tàbí ọdún náà ni kò dára? Àwọn tó gbọ́n máa ń gbin daylily kan tí wọ́n ti mọ̀ dáadáa sáàárín ebè kan náà. Bí èyí tó máa ń yọ ẹ̀ka mẹ́rin bá yọ méjì péré lọ́dún náà, ojú ọjọ́ ni wọ́n á bá wí.

Ẹ̀ka tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ìran. Kì í ṣe apilẹ̀ àbùdá kan ṣoṣo ló ń darí rẹ̀, nítorí náà kò sí àrà tí ènìyàn lè fi yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òdòdó méjì tó lẹ́wà àmọ́ tí ẹ̀ka wọn há sókè bá bímọ, àwọn ọmọ sábà máa ń gbé àbùkù kan náà. Daylily diploid ní kromosómù 22. Láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni àwọn olùtọ́jú ti ń lo colchicine, oògùn kan tó wá láti ara ewéko, láti sọ ọ́ di 44, ìyẹn tetraploid. Ọ̀pá tetraploid sábà máa ń nípọn, ewé òdòdó wọn náà máa ń ki, etí wọn sì lè ṣẹ́ wínníwínní. Ọjà fẹ́ràn etí wínníwínní yẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lé e, tí wọ́n sì gbàgbé ọ̀pá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òdòdó tó wúwo gan-an ló nílò ààyè jù. Atúnṣe rẹ̀ kò yá: wọ́n á fẹ́ olójú ẹwà fún ẹlẹ́ka dáadáa, wọ́n á dúró kí ọmọ tanná, wọ́n á tún fẹ́ èyí tó sàn jù nínú wọn padà sí ìdílé olójú ẹwà. Ìran kan lè gba ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin níbi tí òtútù wà.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Shenandoah, ìpínlẹ̀ Iowa, lọ́dún 1946, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ American Daylily Society báyìí, ló ń ṣàkóso ìwé orúkọ daylily fún gbogbo ayé. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ti lé ní 100,000. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíga ọ̀pá àti fífẹ̀ òdòdó, ìwé náà ní ààyè fún iye ẹ̀ka àti iye ìrudi, ṣùgbọ́n olùtọ́jú fúnra rẹ̀ ló ń kà á, nínú ọgbà tirẹ̀, lórí ilẹ̀ tó fi ajílẹ̀ tọ́jú. Daylily tó yọ ẹ̀ka márùn-ún ní Florida lè yọ mẹ́ta péré ní Minnesota. Nítorí èyí, àwọn olùtọ́jú kan máa ń fi irúgbìn wọn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ní ìpínlẹ̀ olótùútù kó lo ìgbà òtútù méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sọ́jà lè tó 100 dọ́là tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìdí ewé kan tàbí méjì. Àwọn òǹrajà tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ kì í san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí àwòrán ojú òdòdó nìkan. Wọ́n á ní kí wọ́n fi ti ọ̀pá ránṣẹ́, látòkè délẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìlú tí wọ́n ti yà á.