Oúnjẹ Ọkàn Kò Mọ sí Ṣúgà: Àlàyé lórí Ọ̀nà tí Ọkàn Ń Gbà Rí Agbára

Ìfáàrà
Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́ nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni pé glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ni ara fi ń ṣe agbára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní ti ọkàn, òótọ́ náà kò pé. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé pé ọ̀rá ni ọkàn gbára lé jù, àti pé ìlera rẹ̀ dúró lórí bí ó ti lè pààrọ̀ oúnjẹ nígbà tí ipò ara bá yí padà.

Iṣẹ́ Ọkàn
Ọkàn àgbàlagbà máa ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 láàárín ọjọ́ kan. Èròjà tí a mọ̀ sí ATP ni ó ń fún un ní agbára. Èyí tí ó wà nípamọ́ kò lè pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ; nítorí náà, ọkàn gbọ́dọ̀ máa ṣe òmíràn láìdúró. Inú mitokọ́ńdíríà, ilé ìṣagbára inú sẹ́ẹ̀lì, ni ó ti ń fi ọ́síjìn ṣe ohun tí ó ju 95% rẹ̀ lọ.

Oríṣiríṣi Oúnjẹ Ọkàn
Nígbà ìsinmi, ọ̀rá ni ó ń pèsè nǹkan bí 60% sí 70% agbára yìí. Glúkóòsì, láktéètì àti kítóònù ni ó ń pèsè púpọ̀ nínú ìyókù. Ní 1963, Philip Randle àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé bí iṣan ara bá ń lo ọ̀rá púpọ̀, lílo glúkóòsì máa ń dín kù.

Àpẹẹrẹ èyí ni ẹni tí ó ti Aládé lọ gun òkè Ìdànrè. Kí ó tó jẹun àárọ̀, ọ̀rá ni ọkàn rẹ̀ ń lò jù. Bí ó bá jẹ iyán, ínsúlíìnì yóò pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ìpín ti glúkóòsì yóò sì gbòòrò. Bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn òkè náà, tí ó lé ní 600, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa tú láktéètì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn yóò sì gbà á, yóò sọ ọ́ di agbára. Bí ènìyàn bá sì gbààwẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀dọ̀ yóò ṣe kítóònù fún ọkàn láti lò.

Nígbà tí Ìpààrọ̀ Bá Ṣòro
Ọ̀rá ń fúnni ní ATP púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ́síjìn tí ó ń gbà lórí ATP kọ̀ọ̀kan ju ti glúkóòsì lọ. Nínú àrùn ìtọ̀ ṣúgà, ọkàn kì í lè lo glúkóòsì dáadáa, ọ̀rá ni ó sì ń dìrọ̀ mọ́. Nínú àìlera tí ọkàn kò ti lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde tó bí ó ti yẹ, ATP inú rẹ̀ máa ń dín kù.

Ìgúnlẹ̀
Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé láktéètì kì í ṣe ìdọ̀tí lásán, àti pé glúkóòsì nìkan kọ́ ni ọkàn ń lò. Ó sì yẹ kí ó ṣọ́ wọn kúrò nínú àṣìgbọ́: pé ọkàn ń lo ọ̀rá kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn máa jẹ ọ̀rá ní àjẹjù. Èyí tí ara ti kó pamọ́ wà níbẹ̀ fún un.