Ẹ́ńjìnnì Kò Kú, Gásíkẹ́ẹ̀tì Ló Jó

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí.

Ìjà kan ni wọ́n gbé wá síwájú wa nípàdé. Ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà Ọba ló ra bọ́ọ̀sì Hiace, tó gbé e fún ọmọkùnrin wa kan pé kó máa fi ná Bìní sí Òrè, kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi di tirẹ̀. Nígbà tí agbára ẹ́ńjìnnì dínkù, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ríìngì àti bíárìnnì, wọ́n sì tún un tò. Kò pé oṣù kan tó fi gbóná lójú ọ̀nà nítòsí oríta Okada. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí wọ́n lọ ra tókùnbọ̀ mìíràn. Ẹ sì mọ iye tí tókùnbọ̀ ń lọ láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023. Ìyá ní ọmọ náà ló wa ọkọ̀ láìbu omi sí i, kó kó kọ́kọ́rọ́ òun sílẹ̀. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ìyá, mo fi Ọlọ́run búra, àràárọ̀ ni mò ń bu omi sí i."

Gbólóhùn yẹn ló ta mí létí. Bó bá ń bu omi láràárọ̀, tí omi kò sì kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ibo ni omi náà ń gbà lọ?

Gásíkẹ́ẹ̀tì tí à ń sọ yìí, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Òun ló wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́pù sìlíńdà tó dé e lórí. Òun ló ń sé iná mọ́ inú sìlíńdà, òun náà ló ń pààlà sáàárín omi àti ọ́ìlì. Ibi tó bá ti jó ló máa sọ irú àmì tí a ó rí. Mẹkáníìkì wa ní kò lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, torí pé ọ́ìlì kò funfun bí ògì, àti pé tuntun lòun fi sí i. N kò gbà. Ọ́ìlì lè mọ́ tónítóní kí gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni funfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì lè jẹ́ ìrì lásán nínú ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà. Ti pé ó jẹ́ tuntun ńkọ́?

Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Mo ní Peugeot 504 kan, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975. Gásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni mo rà láàárín ọdún kan, gbogbo wọn ló jó. Bàbá mẹkáníìkì kan, ọmọ Ẹdó, ní Uwelu ló gbé rúlà onírin lé orí àwọn sìlíìfù rẹ̀, tó ní kí n wá wò ó. Nínú 504, ńṣe ni wọ́n ki sìlíìfù bọ inú búlọ́ọ̀kù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, omi sì yí i ká. Ó gbọ́dọ̀ yọrí díẹ̀ bíńtín kọjá ojú búlọ́ọ̀kù kó lè tẹ gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ dáadáa. Tèmi ti rì wọlé. Mo ti ná owó ilé ìwé àwọn ọmọ tán kí n tó mọ̀.

Bọ́ọ̀sì ìyá yìí kì í ṣe onísìlíìfù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí ẹnikẹ́ni má ná kọ́bọ̀ kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àárọ̀ kùtù la débẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. (Ẹni tó bá ṣí rédíétọ̀ tó gbóná, ojú ara rẹ̀ ló fẹ́ bó.) A ṣí ìdérí, a tan ọkọ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ afẹ́fẹ́ pọ̀ọ́pọ̀ọ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò lè ní afẹ́fẹ́ tó há sínú omi, nítorí náà a gbé imú ọkọ̀ sókè, a ń bu omi kún un, a sì dúró. Afẹ́fẹ́ tó há máa ń tán. Tibí kò tán, bí a ṣe ń tẹ iná mọ́ ọn ló ń pọ̀ sí i. Èéfín ẹ̀yìn rẹ̀ náà funfun, kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tán. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù ni, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá dúdú, epo bẹntiróòlù ló pọ̀ jù.

Ẹ̀yìn èyí la yọ púlọ́ọ̀gì, a fi géèjì wọn kọ̀mpíréṣàn. Sìlíńdà kìíní àti ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 160 psi. Ìkẹta àti ìkẹrin kò ju 90 lọ. A kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú àwọn méjèèjì, a tún wọ̀n ọ́n: kò gòkè. Bó bá jẹ́ ríìngì ló ń jò, ọ́ìlì yẹn ìbá sé e fúngbà díẹ̀, géèjì ìbá gòkè. Sìlíńdà méjì tó fara kanra tí wọ́n jọ rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, gásíkẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń jẹ́.

Wọ́n tú u. Àárín ìkẹta àti ìkẹrin ti dúdú kirikiri, ó sì ti jẹ dé ojú ihò omi. Mo ní kí wọ́n gbé rúlà lé tọ́pù sìlíńdà. Ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní fílà géèjì wọ abẹ́ rẹ̀ láàárín. Ó ti tẹ̀. Alumíníọ̀mù ni tọ́pù yẹn, irin ni búlọ́ọ̀kù, bí iná bá sì mú àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Ọ̀pọ̀ ìwé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kì í fẹ́ kó tẹ̀ ju 0.1mm lọ. Nígbà tí wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì yìí tò, epo ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, wọ́n dé e padà, agbára apá ni wọ́n sì fi di bóòtù rẹ̀.

Mo bi mẹkáníìkì pé kí ló dé tí kò gbé e lọ fún àwọn onímáṣíìnì kí wọ́n fá ojú rẹ̀. Ó wo ìyá. Ìyá wolẹ̀. Ó ní lóòótọ́ ni ó béèrè owó rẹ̀, òun lòun ní kó fi sílẹ̀.

Bí a ṣe parí rẹ̀ nìyí. Ìyá san owó fífá, ó ra gásíkẹ́ẹ̀tì àti bóòtù tuntun. Mẹkáníìkì kò gba owó iṣẹ́, ó sì yá tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì láti fi dì í, láti àárín bọ̀ síta, nígbà mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ fi dúró, a yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè ọmọ wa. Òun náà ní ẹ̀bi tirẹ̀: omi odò pípọ́n ló ń bù sí rédíétọ̀, ìpẹtà ti dí i. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì dá tẹ́mósítáàtì tí wọ́n ti yọ dànù padà síbẹ̀.

Ìyá nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí i lójú gbogbo wa, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú." Kó tó dáhùn, ó ti lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wo omi.