Oògùn àti ọ̀nà ìpèsè rẹ̀: Kọ̀ǹpútà ń mú kí a gbèrò méjèèjì pọ̀

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa oògùn ti rí i pé kò tó kí èròjà kan ṣẹ́gun àrùn nínú yàrá ìwádìí. Ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè pèsè rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, kí ti òní má sì yàtọ̀ sí ti àná. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo kọ̀ǹpútà láti gbé ètò oògùn àti ètò ìpèsè rẹ̀ kalẹ̀ pa pọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìkòkò kaná.

Ẹ̀kọ́ ọdún 1998

Ọ̀rọ̀ ritonavir, oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò HIV, wà lára ohun tó kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ilé iṣẹ́ Abbott. Nígbà tó di 1998, àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn kápúsù kan kò yòrò bó ṣe yẹ mọ́.

Èròjà inú wọn kò yí padà. Bó ṣe to ara rẹ̀ jọ nígbà tó ń dì ló yàtọ̀. Bí ògì kan náà ṣe lè di ẹ̀kọ tó jọ̀lọ̀ tàbí èyí tó ní kókó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ìrísí tuntun yìí, tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í yòrò tó ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ oògùn tí kò yòrò kò lè wọnú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ.

Abbott kó kápúsù náà kúrò lọ́jà. Àwọn aláìsàn tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í mu olómi rẹ̀, tí kò dùn lẹ́nu rárá. Kápúsù mìíràn jáde lọ́dún 1999, ṣùgbọ́n inú fíríìjì ni wọ́n ní kí a máa tọ́jú rẹ̀ sí, ìnira ńlá níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró déédéé. Ọdún 2010 ni ritonavir oníhóró tí kò nílò fíríìjì gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Lónìí, kọ̀ǹpútà lè ṣírò onírúurú ìrísí tí èròjà kan lè gbà dì. Láti ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń dán àwọn onímọ̀ wò: wọ́n á fi ìrísí tí èròjà kan dì sí pamọ́, wọ́n á ní kí wọ́n fi ìṣirò wá a.

Àwọn ètò kọ̀ǹpútà mìíràn ń ṣírò ooru, omi àti owó tí iṣẹ́ yóò gbà, àti pàǹtí tí yóò kù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kọ̀ǹpútà ń jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀nà púpọ̀ kí wọ́n tó yan èyí tó dára jù.

Oògùn àtọ̀gbẹ

Àpẹẹrẹ kan ni sitagliptin, oògùn àtọ̀gbẹ oríṣi kejì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2006. Láti pèsè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń lo afẹ́fẹ́ háídírójìn tí a fún pọ̀ gidigidi àti ródíọ́ọ̀mù, irin olówó iyebíye.

Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Merck àti Codexis wá ẹ́ńsáìmù tí yóò rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rí kò ṣiṣẹ́ rárá, nítorí èròjà náà tóbi ju àyè inú rẹ̀ lọ. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà wo ibi tó yẹ kí wọ́n fẹ̀ sí i, wọ́n sì tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá ìwádìí. Lọ́dún 2010, wọ́n kéde pé oògùn tí ń jáde fi ìdá 10 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, pàǹtí fi ìdá 19 dín kù, a kò sì nílò ródíọ́ọ̀mù mọ́.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò lè gba ipò àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ohun tó lé ní ogún ọdún, àwọn onímọ̀ tún rí ìrísí mìíràn lára ritonavir, tí a ń lò báyìí pẹ̀lú nirmatrelvir fún ìtọ́jú COVID-19.

Ní ti aláìsàn, ibi tí a kọ sára páálí oògùn ni kó tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí ooru àti ọ̀rinrin lè ba ohun tí ilé iṣẹ́ ti fara balẹ̀ ṣe jẹ́.