Òmìnira Ìjọsìn àti Ààlà Rẹ̀
Abala 38 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, títí kan ẹ̀tọ́ láti yí i padà. Abala 10 sì pààlà fún ìjọba: kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba. Èyí là ń fi yangàn. Abala 45 ni a kì í kà: ó fàyè gba òfin tó bá tọ́ láti dáàbò bo ìlera ará ìlú àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ní Ṣómólú àti Bárígà, níbi tí ilé ti fara kan ilé, aládùúgbò tí sípíkà ìṣọ́ òru wa kò jẹ́ kó sùn ní ẹ̀tọ́ pẹ̀lú. Bí LASEPA bá ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, kí a tó pè é ní inúnibíni, ẹ jẹ́ ká béèrè: ìwàásù ni wọ́n kọ̀ ni, àbí ariwo? Bó bá jẹ́ ìwàásù, abala 46 ní ká gba ilé ẹjọ́ gíga lọ. Pọ́ọ̀lù náà béèrè ẹ̀tọ́ ọmọ Róòmù ní Fílípì (Ìṣe 16:37). Bó bá jẹ́ ariwo, ẹ dín in kù.