Ọwọ́ tó ń kọ ìwé ẹ̀sùn sójà

Ká ní sójà Amẹ́ríkà kan ṣàdédé fi bárékè sílẹ̀, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì tó bí ọjọ́ mẹ́ta kó tó padà. Ọ̀gá rẹ̀ á bínú, á ní òun máa fìyà jẹ ẹ́. Àmọ́ kí ìyà náà tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹnì kan ní láti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kó wá abala òfin tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí, kó sì kọ ẹ̀sùn náà lọ́nà tí apá kò fi ní ká a ní kóòtù. Ẹni yẹn kì í ṣe lọ́yà. Sójà ni òun náà, akọ̀wé òfin tí wọ́n ń pè ní paralegal lọ́hùn-ún. Tó bá ti parí ẹ̀kọ́ ìbọn àti ìtọ́wọ̀ọ́rìn bíi gbogbo sójà, á tún lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní Fort Lee, ní ìpínlẹ̀ Virginia, láti kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ìwé tó ń bá a gbé ni òfin ológun tí Ààrẹ Truman fọwọ́ sí lọ́dún 1950. Abala 86 ló sọ̀rọ̀ nípa sójà tó sá níbi iṣẹ́. Tí ìsánsá náà kò bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ̀wọ̀n tó pọ̀ jù tí wọ́n lè fún un jẹ́ oṣù kan. Tó bá ti lé ní mẹ́ta, ó lè di oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, akọ̀wé òfin tó mọṣẹ́ kò ní gba “bí ọjọ́ mẹ́ta” lẹ́nu ọ̀gá. Á bèèrè ìwé tí wọ́n fi ń sàmì àwọn tó wá síbi iṣẹ́, á wo ìgbà tí wọ́n wá sójà náà tì àti ìgbà tó padà dé, kó tó tẹ lẹ́tà kan.

Ọjọ́ ṣe pàtàkì níbòmíràn pẹ̀lú. Lórí ìwé ẹ̀sùn, àyè kan wà fún ọjọ́ tí ọ̀gá tó láṣẹ gba ẹ̀sùn náà wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀, ọdún márùn-ún péré ni òfin fún ìjọba láti fi gbé ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló sì ń dá kíkà náà dúró. Ẹni tó ń fi ẹ̀sùn kan sójà gbọ́dọ̀ búra níwájú ọ̀gá ológun kó tó buwọ́ lùwé.

Ní tèmi, Abala 31 ni ohun tó yẹ kí akọ̀wé òfin mọ̀ bí ẹní mowó. Kí ẹnikẹ́ni tó bi sójà tí wọ́n fura sí léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fura sí fún un, kí wọ́n sọ fún un pé kò pọn dandan kó fèsì, àti pé ohun tó bá sọ lè di ẹ̀rí tí wọ́n máa lò mọ́ ọn. Ọdún 1966 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tó pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá, nínú ẹjọ́ Miranda. Ìdí tí àwọn ológun fi ṣáájú kò ṣòroó rí. Bí ọ̀gá bá bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ léèrè pé “Níbo lo wà?”, ìbẹ̀rù ipò nìkan tó láti la ọmọ náà lẹ́nu. Ọ̀gá tó ń bínú lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kó má tiẹ̀ rántí ìkìlọ̀ yìí. Akọ̀wé òfin tó wà lọ́fíìsì ló gbọ́dọ̀ ní ìgboyà láti sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná.”

Òfin ogun pàápàá wà nínú iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn tí àwọn sójà Amẹ́ríkà pa àwọn ará abúlé My Lai ní Vietnam lọ́dún 1968, ilé-iṣẹ́ ààbò wọn pàṣẹ lọ́dún 1974 pé kí gbogbo ọmọ ogun máa kọ́ òfin ogun. Àwọn lọ́yà ológun àti àwọn akọ̀wé wọn ń kópa nínú ẹ̀kọ́ yẹn, títí kan bó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú ẹni tí wọ́n mú lójú ogun.

Ohun tó le jù ni mímọ ibi tí ẹnu gbọ́dọ̀ dúró. Akọ̀wé òfin lè bá sójà tó ń lọ sójú ogun ṣètò ìwé ìhágún, tàbí ìwé tí ìyàwó rẹ̀ á fi máa bá a gba owó ní báńkì, lábẹ́ ojú lọ́yà. Kò gbọ́dọ̀ gbani nímọ̀ràn òfin. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní green card lè wọṣẹ́ ológun níbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n mọ èyí dáadáa, torí ojú akọ̀wé ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí.

Ẹ padà sọ́dọ̀ sójà tiwa. Ọ̀gá rẹ̀ pinnu láti lo Abala 15, ìyẹn ìyà tí kò dé kóòtù. Sójà lè kọ̀ ọ́, kó ní kóòtù lòun fẹ́, àfi tó bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi ológun. Sójà tiwa gbé ìwé ìyà náà dání, ó bèèrè pé, “Sájẹ́ǹtì, ṣé kí n gbà á àbí kí n kọ̀ ọ́?” Akọ̀wé ọ̀gá tó fẹ̀sùn kàn án ló ń bi. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló tọ́: “Mi ò lè sọ ìyẹn fún ẹ. Àwọn lọ́yà tó ń gbèjà sójà wà ní ọ́fíìsì tiwọn, wọn ò sí lábẹ́ ọ̀gá wa. Jẹ́ n pè wọ́n, kí wọ́n fún ẹ ní àkókò kó o tó buwọ́ lu ohunkóhun.”