Ìgbà Ìdánrawò Gẹ́gẹ́ bí Ìpìlẹ̀ Wíwá Iṣẹ́ Olùkọ́

Èrò ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni ni pé ìgbà tí ìwé ẹ̀rí NCE bá tẹ àwọn lọ́wọ́ ni iṣẹ́ wíwá bẹ̀rẹ̀. Èrò tiwa yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣe ìdánrawò ní Muṣin tàbí Sùúrùlérè ti wà lójú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́: àkókò tó ń dé, ìwé ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó fi mú kíláàsì tó kún àkúnya, ọ̀gá náà ń rí gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń da ìwé ètò ọ̀rẹ́ wọn kọ nítorí pé alábòójútó ń bọ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nù. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni a máa ní kí olùwáṣẹ́ kọ́ kíláàsì lójú àwọn kí ọ̀rọ̀ owó oṣù tó wáyé.

Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ TRCN, tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, ṣe kókó pẹ̀lú. Ó ní ìdánwò tirẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 fi ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ẹni ọdún 65 tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá ṣáájú. Ẹni tó bá wọlé ní ọmọ ọdún 22 lè ṣe é dé 62. Kí ó tó kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló yẹ kí ó ti mọ̀ bóyá oyè B.Ed. ni yóò tẹ̀ lé e, àti irú ẹ̀kọ́ tí yóò fi gbà á.