Ọ̀gá Àgbà Tí Kò Wọ Ìpèbí: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti Àtìlẹ́yìn Ẹlẹgbẹ́ fún Àwọn Ọ̀gá Tuntun ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ẹni tí wọ́n bá yàn sípò ọba kì í ti ilé rẹ̀ bọ́ sórí ìtẹ́ tààrà. Ìpèbí ni yóò kọ́kọ́ wọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìtàn ìlú, èèwọ̀ ààfin, àti bí ó ṣe yẹ kí ó máa bá ìjòyè àti mẹ̀kúnnù lò. Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí àbùkù fún ọmọ oyè. Gbogbo ìlú gbà pé kíkọ́ ni mímọ̀.

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama kò ní ìpèbí. Iye ọdún tí ó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ àti ipele tí ó wà ni wọ́n sábà máa ń wò. Lẹ́tà yóò dé, yóò sì gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì. Àlàfo tí ó wà láàrin lẹ́tà yìí àti iṣẹ́ gan-an ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Agbègbè tí ó mú lò ni ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì: Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n, àti Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Aramọkọ.

Ẹrù tí ó wà lórí ọ̀gá tuntun

Olùkọ́ tí ó ti fi ogún ọdún kọ́ni ní ìṣirò lè má tíì ṣí ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́ wò rí. Lọ́jọ́ tí ó bá di ọ̀gá, ìwé ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìwé àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀, ìwé àlejò, ìwé ìjìyà àti ìwé owó ni alábòójútó ẹ̀kọ́ yóò bi í. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣàwàdà ní yàrá olùkọ́ lánàá ni yóò máa bá wí lónìí bí wọ́n bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé ipò igbákejì ọ̀gá ni ìkọ́ṣẹ́. Òótọ́ ni, bí ọ̀gá bá jẹ́ kí igbákejì rẹ̀ rí inú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n igbákejì tí wọn kò fi ju ìtòlẹ́sẹẹsẹ akẹ́kọ̀ọ́ lówùúrọ̀ àti tábìlì àkókò iṣẹ́ lọ kò rí ju etí odò lọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lẹ́tà lè fún ènìyàn ní aṣọ. Kò lè fún un ní àkísà.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó sábà máa ń dán ọ̀gá tuntun wò. Èkínní ni ìdánwò WAEC. Òbí fẹ́ kí ọmọ òun yege, ìlú fẹ́ kí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ yọ, ẹnìkan sì lè wá yọ́ ọ̀rọ̀ magomago sọ. Ọ̀gá tí ó bá dá nìkan wà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ lè kọsẹ̀, kí ó sì ba iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún jẹ́. Èkejì ni owó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì pàṣẹ pé kí wọ́n fòpin sí owó ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àṣẹ náà tu òbí lára, ṣùgbọ́n ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó tọ́ láti gbà nípasẹ̀ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àti èyí tí ó lè sọ ọ́ di ẹlẹ́jọ́. Ta ni yóò bi?

Ẹ̀kọ́ láti ibòmíràn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1997 ni ìwé-ẹ̀rí pàtàkì fún àwọn tí ó fẹ́ di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di dandan nígbà kan, ṣùgbọ́n láti ọdún 2012 kò pọn dandan mọ́. Ní ilẹ̀ Scotland, irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ di dandan fún ọ̀gá tuntun ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní oṣù kẹjọ ọdún 2020.

Nílé, ilé-ẹ̀kọ́ NIEPA tí ó wà ní ìlú Oǹdó ń dá àwọn alákòóso ẹ̀kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Bákan náà, ètò ESSPIN tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náwó lé wáyé ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní Nàìjíríà láàrin ọdún 2008 àti 2017. Èkó àti Kwara wà lára wọn. Ètò yìí dá àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tọ̀ wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn kò tó. Ìgbà tí wàhálà bá dé gan-an ni ọ̀gá nílò ẹni tí yóò dúró tì í.

Ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ìdájọ́

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Èkìtì kò ṣe é gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣètò ìdánwò láti mọ ohun tí àwọn olùkọ́ nílò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò gbà pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé iṣẹ́ lè tìdí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn, wọ́n sì kọ̀ láti ṣe é. Ẹ̀yìn ẹni yòówù kí ènìyàn wà, ohun kan dájú: ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé wọn yóò fi àléébù òun dá òun lẹ́jọ́ kò ní fi àléébù náà hàn. Nítorí náà, àgbà tí yóò ran ọ̀gá tuntun lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni kan náà tí yóò kọ ìròyìn nípa rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba.

Ọ̀nà tí ó ṣeé tọ̀

Àkọ́kọ́ ni pé kí ọ̀gá tí ó ń lọ àti èyí tí ó ń bọ̀ jọ jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n yẹ gbogbo ìwé wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí kọ́kọ́rọ́ tó pààrọ̀ ọwọ́.

Èkejì ni kí wọ́n fi ọ̀gá tuntun ti àgbà ọ̀gá kan, tàbí ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì, ní ìlú mìíràn. Ọ̀gá tuntun ní Ẹ̀fọ̀n lè ní àgbà rẹ̀ ní Ìjerò. Jíjìnnà díẹ̀ yìí ní èrè: àgbà náà kò mọ olùkọ́ tí ó ń bá ọ̀gá tuntun jà, kò sì ní ìbátan nínú ìgbìmọ̀ ìlú.

Ẹ̀kẹta ni ìpàdé ẹlẹgbẹ́ lóṣooṣù, tí kò ní ju ènìyàn mẹ́jọ lọ, tí yóò máa yí láti Aramọkọ sí Ìjerò sí Ẹ̀fọ̀n. Olùgbàlejò yóò ṣí ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan yóò sì mú ìṣòro kan wá. Ẹgbẹ́ ANCOPSS, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà, lè gbé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ró. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ yẹ kí ó dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ní ààlà: bí ọ̀rọ̀ bá kan ìpalára ọmọ tàbí olè jíjà, àṣírí kò sí níbẹ̀ mọ́, iṣẹ́ àgbà ni láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Irú ìparapọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí agbègbè náà. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí wà lára àwọn aṣáájú ogun Kírìjì, èyí tí ó jà láti ọdún 1877 títí di 1893. Ìlú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọba tirẹ̀ ni ó para pọ̀ di Èkìtìparapọ̀. Kò sí ọba tí ó torí bẹ́ẹ̀ sọ adé nù.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀gá tí ó bá bèèrè kò dín kù ní ọ̀gá. Ẹni tí ó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò jẹ gbèsè àṣìṣe ọ̀gá tí kò rí ẹni bi, ọdún kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ní láti fi wà ní kíláàsì tí ó wà. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́la. Bí àṣà bíbèèrè àti ríran ẹlẹgbẹ́ lọ́wọ́ bá ti mọ́ wọn lára láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, apá kan nínú ìpèbí wọn ti bẹ̀rẹ̀.